Ìyálé Inú Ẹ̀rọ

Bàbá Rasheed, ẹni tó ń ṣọ́ Ilé Ohùn, ní àṣà kan ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀. Bí ó bá ti ṣe àlùwàlá tán, tó wọ jàlàbíà funfun rẹ̀, á dúró sẹ́nu géètì onírin, á ké pè: "Ta ló wà nínú o?" Ẹni tó bá dáhùn á jáde. Ẹni tí kò bá dáhùn, kò sí níbẹ̀ nìyẹn. Á fa géètì, á fi àgádágodo kọ́ ọ, á ju kọ́kọ́rọ́ sápò, ó di mọ́sáláṣí. Ìgbà tí olè gbé bátìrì ínfátà lọ lásìkò tó ń kírun lọ́wọ́ ni àṣà náà bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó bá a jiyàn lórí rẹ̀. Ó máa ń wí pé olè kì í dúró kí ènìyàn sálámà tán.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tí à ń wí yìí, Tinúadé Ọláfimíhàn wà nílẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀rọ ńlá inú yàrá ẹ̀yìn. Ó dojú bolẹ̀, ó ń fọwọ́ tẹ àwọn wáyà lọ́kọ̀ọ̀kan bóyá èyí tó tú á wà níbẹ̀. Fáànù ẹ̀rọ náà ń hó létí rẹ̀ bí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ata. Kò gbọ́ ìpè. Kò gbọ́ àgádágodo. Ìgbà tó dìde, tó na ẹ̀yìn, tó fẹ́ lọ wá omi mu, ló rí i pé wọ́n ti ti géètì.

Ó di irin mú, ó mì ín.

"Bàbá Rasheed!"

Àgbàlá dákẹ́. Ewúrẹ́ kan tó dùbúlẹ̀ sábẹ́ igi máńgòrò wò ó, ó tún dijú. Ó pe fóònù bàbá. Wọ́n ti pa á, bí wọ́n ṣe máa ń pa á bí ẹni tó ni ín bá ti bọ́ bàtà sẹ́nu mọ́sáláṣí. Àwọn òṣìṣẹ́ yòókù sì ti lọ sílé láti àárọ̀, nítorí kò síná.

Ó padà sínú yàrá ẹ̀yìn, ó jókòó síwájú ẹ̀rọ.

Ilé Ohùn kì í ṣe ilé ńlá. Igun kan ló wà nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní Ifẹ̀, níbi tí koríko ti ga ju ibòmíràn lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n kó ohùn àwọn àgbà Ifẹ̀ pamọ́ sí: àgbẹ̀, aláró, ìyàwó ilé, oníṣòwò Sábó tó ti gbọ́ Ifẹ̀ ju ọmọ Ifẹ̀ lọ. Inú kásẹ́ẹ̀tì ni àwọn ohùn náà wà tẹ́lẹ̀. Ọ̀rinrin ba kásẹ́ẹ̀tì jẹ́. Èyí tí ọ̀rinrin kò tíì dé ni wọ́n rọ sínú ẹ̀rọ, wọ́n sì kó ìyókù dànù.

Ohùn ìyá Tinúadé wà nínú ẹ̀rọ yẹn.

Ìyá náà wà láàyè. Màmá Ìlódè ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ó ń jẹun, ó ń gba ojú fèrèsé wo àwọn tó ń kọjá. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlù ú, ọ̀rọ̀ kan kò jáde lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Tinúadé ti ń gbàgbé bí ohùn ìyá rẹ̀ ṣe ń dún. Bí ó bá gbìyànjú láti rántí rẹ̀, ohùn ara rẹ̀ ló ń gbọ́. Kò sí ẹ̀dà míràn níbì kankan. Ó ti pẹ́ tó ti ń wí pé òun á ṣe ẹ̀dà gbogbo ohùn inú ilé náà, ti ìyá òun pẹ̀lú. Ọ̀la. Ọ̀la. Ohun tó bá wà lábẹ́ ọwọ́ ẹni kì í kán ni lójú.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ẹ̀rọ kò jí.

Iná ló lọ, tó dé, tó tún lọ. Nígbà tí ẹ̀rọ gbìyànjú láti dìde, ó dúró sí agbedeméjì: ojú dúdú, ọ̀rọ̀ funfun díẹ̀, àti ibì kan tí ó ti ń dúró de àṣẹ. Kò kú, kò sì jí.

Díìsìkì méjì ló gbé àwọn ohùn náà. Nígbà tí èkíní kún, wọ́n ra èkejì, wọ́n sì dà wọ́n pọ̀ di ọ̀kan, bí ẹni wó ògiri tó wà láàárín yàrá méjì. Ohùn kan lè bẹ̀rẹ̀ lórí èkíní kí ó parí sórí èkejì. Bí ọ̀kan kò bá sí, kò sí yàrá. Lórí Linux, gbogbo ohun tó bá so mọ́ ẹ̀rọ ló ní fáìlì tirẹ̀ nínú àpò kan tí wọ́n ń pè ní /dev. Fáìlì yẹn ni ẹnu ọ̀nà tí ènìyàn ń gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà yàrá ohùn ni /dev/ife/ohun. Tinúadé wo inú àpò náà. Fáìlì náà kò bàjẹ́. Kò sí rárá ni. Níbi tí ilẹ̀kùn wà lánàá, ògiri ló wà níbẹ̀.

Ó bi ẹ̀rọ léèrè. Ẹ̀rọ ní nínú díìsìkì méjì, ọ̀kan ṣoṣo ni òun rí.

Fóònù dún. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéṣọlá ni, ọ̀gá àgbà Ilé Ohùn.

"Tinúadé, ó ti jí?"

"Rárá, sà. Díìsìkì kan ni kò rí."

"Ọjọ́ Ajé làwọn àlejò tó fẹ́ wo Ilé Ohùn ń bọ̀ o. Wọn ò ní gbọ́ 'kò rí'. Iná ni kó máa tàn lára ẹ̀rọ yẹn. Mo ti bá ẹnì kan tó mọ̀ nípa ẹ̀ ní Ìbàdàn sọ̀rọ̀. Ó ní àṣẹ kan wà tí o máa tẹ̀, á yọ èyí tó sọnù kúrò nínú wọn, ìyókù á dìde. Mo ti fi ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ."

"Sà, bí a bá yọ ọ́, gbogbo ohun tó wà lórí ẹ̀..."

"Ṣé ò ń rí ohun tó wà lórí ẹ̀ báyìí?"

"Rárá, sà."

"Kí lo wá ń ṣọ̀fọ̀ lé lórí? Òkú ni. Sin ín. A ṣì lè gba ohùn àwọn mìíràn."

"Sà, Bàbá Rasheed ti géètì mọ́ mi."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. "Ó dáa bẹ́ẹ̀. O ò ní rí ibi sá sí."

Ó pa fóònù. Tinúadé gbé tirẹ̀ kalẹ̀ sórí tábìlì, ó wo géètì láti ibi tó jókòó.

Ibi tí yóò sá sí. Wọ́n ti fi iṣẹ́ lọ̀ ọ́ rí ní Àbújá, iṣẹ́ gidi. Ó ronú kan ìyá rẹ̀, ó ní rárá. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin wà ní Kánádà, èyí obìnrin wà ní Èkó. Bí wọ́n bá pè, ohun kan náà ni àwọn méjèèjì ń wí: "Ọpẹ́lọpẹ́ yín, Ẹ̀gbọ́n mi." Ọpẹ́lọpẹ́ náà ni okùn tí wọ́n fi so ó mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ó bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n gbé òun lọ sí ọ́fíìsì mìíràn nínú ọgbà kan náà. Ọ̀gá ní, "Ta ló máa kọjú sí ẹ̀rọ?" Ìlódè sí Ilé Ohùn láàárọ̀, Ilé Ohùn sí Ìlódè nírọ̀lẹ́. Kẹ̀kẹ́ á gba Enuwa kọjá, á rí àwọn tó ń tajà níwájú ààfin, á sì máa rò ó lọ́kàn pé bí òun bá sọ̀ kalẹ̀ síbí, tí òun kò lọ sí ibì kankan nínú méjèèjì, ta ni yóò kọ́kọ́ wá òun, ìyá òun tí kò lè pè, àbí ẹ̀rọ tí kò lẹ́nu?

Ooru mú. Ínfátà kò lágbára láti gbé ẹ̀rọ amúlétutù, kìkì ẹ̀rọ ohùn àti fáànù rẹ̀ ló ń gbé. Ínfátà náà bẹ̀rẹ̀ sí í ké ní ìdákúrekú bí òròmọdìẹ tó sọ ìyá rẹ̀ nù. Bátìrì ń lọ sílẹ̀.

Ó ṣí fóònù. Àṣẹ tí ọ̀gá fi ránṣẹ́ wà níbẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ sójú ẹ̀rọ:

vgreduce --removemissing --force ife

Ó wo ọ̀rọ̀ náà. Ó mọ ìtumọ̀ rẹ̀ dájú: èyí tí kò bá sí níbí nísinsìnyí, fi tipátipá gé e kúrò lára ẹbí. Ìka kan ṣoṣo ló kù. Ó gbé e lé bọ́tìnnì. Ìka náà dúró síbẹ̀. Òógùn já láti iwájú orí rẹ̀ sí ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀. Ó rò pé bí òun bá tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ á jí, ọ̀gá á dákẹ́, géètì á ṣí, òun á lọ sílé. Òun á sì jókòó ti ìyá òun lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, àwọn méjèèjì á dákẹ́.

Ó gbé ìka kúrò. Ó pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́ ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, láti ẹ̀yìn wá síwájú.

Ẹnì kan ṣoṣo ló kù láti pè. Alàgbà Láoyè ló da díìsìkì méjèèjì pọ̀, òun ló gba gbogbo ohùn náà sílẹ̀, òun náà ló kọ́ Tinúadé níṣẹ́ kó tó fẹ̀yìn tì.

"Ẹ káàsán o, sà."

"Tinú ọmọ mi! Kí ló dé tóhùn rẹ dà bí ti ẹni tó wà nínú ìkòkò?"

"Wọ́n tì mí mọ́lé, sà. Bàbá Rasheed ni."

"Áà, ọjọ́ Jímọ̀! O ò dáhùn ìpè. Gbogbo ìwé tó o kà yẹn, kò débi pé kéèyàn máa jẹ́ 'hìn-ín'?"

"Ẹ má bínú, sà. Díìsìkì kejì ni ẹ̀rọ ò rí. Ẹ rántí bí ẹ ṣe tò wọ́n?"

"Kí ni ò ní jẹ́ n rántí? Mo kọ òfin kan sínú ẹ̀rọ, mo fi ṣe aṣọ́nà sẹ́nu ọ̀nà. Mo ní bí sda bá dé, jẹ́ kó wọlé. Bí sdb bá dé, jẹ́ kó wọlé. Ẹlòmíràn yòówù, kó máa bá tiẹ̀ lọ. Mi ò fẹ́ kí àjèjì dà mọ́ wọn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ṣé kò lè jẹ́ pé sdb àná kọ́ ni sdb òní?"

"Kí ló máa sọ ọ́ dà? Èyí tó kọ́kọ́ wọlé ni sda, ìyálé nìyẹn. Èyí tó tẹ̀ lé e ni sdb, ìyàwó nìyẹn. Ì báà jẹ́ ogún obìnrin ni wọ́n tún fẹ́ lé wọn, ìyálé ò ní yẹ̀ ní ipò. Tinú, ilé wo lo ti rí i rí tí wọ́n ti ń tún àwọn ìyàwó kà láràárọ̀?"

Tinúadé yíjú padà sí ẹ̀rọ.

"Ṣé ò ń gbọ́ mi?"

"Mò ń gbọ́, sà."

Láràárọ̀. Ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe gan-an nìyẹn. Ní gbogbo ìgbà tó bá jí, á tún wọn kà. Èyí tó bá kọ́kọ́ la ojú ni á fún ní sda, èyí tó bá tẹ̀ lé e ni á fún ní sdb. Kò mọ ẹni tó ti pẹ́ nílé. Kò sí ìyálé lọ́dọ̀ rẹ̀.

Tinúadé sì ti mọ èyí tipẹ́. Lọ́jọ́ tí Alàgbà kọ òfin aṣọ́nà yẹn, ẹ̀yìn rẹ̀ ló dúró sí, ó di tọ́ọ̀ṣì mú fún un. Ó rí i. Ṣùgbọ́n àlejò ló jẹ́ nínú iṣẹ́ nígbà náà, ta ni yóò sọ fún ẹni tó ń kọ́ni pé ọwọ́ rẹ̀ wọ́? Nígbà tí Alàgbà fẹ̀yìn tì, ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ènìyàn kì í tún ààrò tò nígbà tí ẹni tó mọ ọ́n ṣì ń bọ̀ wá kí ilé. Àjèjì díìsìkì kan kò sì dé ibẹ̀ rí; bí ẹ̀rọ ṣe ń kà wọ́n tó, ibì kan náà ló ń já sí.

"Ẹ ṣeun gan-an, sà. Ẹ ti bá mi yanjú ẹ̀."

"Mo mọ̀. Bá mi kí ìyá rẹ."

Ó sọ fún ẹ̀rọ pé kí ó ka gbogbo díìsìkì tó rí, èyí tí aṣọ́nà gbà àti èyí tí kò gbà. Mẹ́ta ló kà: sda, sdb, sdc. Ó wo nọ́ńbà tí ilé iṣẹ́ tó ṣe wọ́n fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà tí kì í yí padà títí díìsìkì fi máa kú. Èyí tí wọ́n ní ó sọnù ni wọ́n ń pè ní sdc. Ó wà láàyè. Ìta ló dúró sí, ó ń kan ilẹ̀kùn, aṣọ́nà ń sọ fún un pé orúkọ rẹ̀ kò sí.

Ta ni ó wá jókòó sí àyè rẹ̀?

Aṣọ funfun kan wà lórí ẹ̀rọ náà, èyí tí ìyàwó Alàgbà Láoyè fi òwú hun, tó rọ̀ sílẹ̀ níwájú bí irú èyí tí wọ́n ń tẹ́ sórí tẹlifíṣọ̀n. Kò sẹ́ni tó ń gbé e sókè àfi bí wọ́n bá fẹ́ fọ̀ ọ́. Tinúadé gbé e sókè. Díìsìkì dúdú kékeré kan wà lábẹ́ rẹ̀, okùn rẹ̀ kúrú, wọ́n ti so ó mọ́ iwájú ẹ̀rọ. Wọ́n lẹ bébà mọ́ ọn: TI FÚNṢỌ́. Ẹ MÁ FỌWỌ́ KÀN ÁN.

Ó pe Fúnṣọ́, olùkọ́ tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní ilé kejì.

"Fúnṣọ́, kí lo kì bọ ara ẹ̀rọ mi?"

"Ẹ̀gbọ́n! Yéè. Ẹ jọ̀ọ́. Fíìmù díẹ̀ ni mo ní kó bá mi gbà sórí ẹ̀. Íńtánẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ yẹn ló yá jù ní gbogbo ọgbà. Mo ti ń bọ̀ wá mú un láàárọ̀, ni mo gbọ́ pé ẹ̀rọ ò jí."

"Lo bá sá."

"Mi ò sá o. Mi ò kàn wá ni. Mi ò rò pé òun ni, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ wo bó ṣe kéré."

"Àlejò tó kéré yẹn ló jí ṣáájú ìyàwó ilé, ló jókòó sórí àga ẹ̀, ni wọ́n bá ti ìyàwó mọ́ta."

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò gbọ́ ọ yé o. Ṣé ẹ máa sọ fún ọ̀gá?"

"Mò ń rò ó. Báwo ni àyè tó kù lórí ẹ̀ ṣe tó?"

"Ó pọ̀ gan-an. Tuntun ni. Kí ló dé?"

"Kò sí nǹkan."

Ó ṣí fáìlì tí òfin aṣọ́nà wà. Ìlà Alàgbà Láoyè wà níbẹ̀, sda, sdb, bí ó ṣe kọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn. Tinúadé gbé ọwọ́ láti pa á rẹ́, ọwọ́ rẹ̀ kọ̀. Ó fi àmì kan síwájú ìlà náà, irú àmì tí ẹ̀rọ bá rí á fo ìlà kọjá, ṣùgbọ́n tí ojú ènìyàn á ṣì máa kà á. Lábẹ́ rẹ̀ ló kọ ìlà tuntun. Kò kọ sda, kò kọ sdb. Nọ́ńbà tí wọ́n bí díìsìkì kọ̀ọ̀kan mọ́ ló kọ.

Ó tún bi ẹ̀rọ léèrè. Ẹ̀rọ ní méjèèjì pé.

Ó ní kí ó jí wọn. Ó wo inú /dev. Fáìlì náà wà níbẹ̀: /dev/ife/ohun. Ìlà ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lójú dúdú. Ó fọwọ́ kàn án lójú ẹ̀rọ bí ẹni fọwọ́ kan ògiri wò bóyá ó ti gbẹ.

Nígbà tí ẹ̀rọ jí tán, ó so kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ mọ́ ọn, ó wá ibi tí wọ́n kọ Ìlódè sí, ó ṣí i. Ohùn Alàgbà Láoyè, nígbà tí ọ̀fun rẹ̀ ṣì le, ní kí màmá dárúkọ. Adìẹ kan ké. Lẹ́yìn adìẹ, ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀, ní Ifẹ̀ pọ́ńbélé. Kò dárúkọ. Ó ń bi Láoyè bóyá ó ti jẹun. Ó tún bi í bóyá ẹ̀rọ rẹ̀ yẹn gbọ́ Ifẹ̀, àbí kí òun máa fọ Ọ̀yọ́ fún un.

Ohùn náà tinrin ju èyí tí Tinúadé ń gbọ́ lọ́kàn lọ. Ó yá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀rín sì wà lábẹ́ rẹ̀. Òun kì bá tí dá a mọ̀ lójú ọ̀nà.

Ínfátà ké. Ó pa ohùn náà. Ó sọ fún ẹ̀rọ pé kí ó máa kó gbogbo ohùn inú ilé lọ sórí díìsìkì Fúnṣọ́, láti orí ti Ìlódè. Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀. Yóò pẹ́. Bí ẹnì kan bá fa okùn kúkúrú yẹn yọ, àtúnbẹ̀rẹ̀ ni.

Fóònù dún.

"Tinúadé, ibo la bá a dé?"

"Ó ti jí, sà."

"Ṣé mo sọ fún ọ? Àwọn ará Ìbàdàn yẹn mọṣẹ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Mo máa yà síbẹ̀ wá wò ó. Fúnṣọ́ náà ní òun fẹ́ wá mú nǹkan kan."

Kò tíì gbé fóònù kalẹ̀ nígbà tó gbọ́ kọ́kọ́rọ́ lára irin. Géètì ṣí. Afẹ́fẹ́ wọlé, ó gbé òórùn koríko wá.

"Subuhánalláhi!" Bàbá Rasheed dúró, ó di fìlà rẹ̀ mú. "Màdáámù, ẹ wà nínú? Mo pè, mo pè!"

"Mi ò gbọ́, Bàbá."

"Ẹ wo bí ẹ ṣe laagùn, bí ẹni tó jáde nínú odò. Ẹ jáde, ẹ jáde, kí ara yín gba atẹ́gùn. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí n rógun ìyá yín."

Ó rìn dé ẹnu géètì. Ewúrẹ́ ti dìde lábẹ́ igi. Oòrùn ti yẹ̀ lára ògiri, ojú ọ̀nà tó lọ sí ẹnu ọgbà ṣófo, ó mọ́lẹ̀. Ó dúró, ẹsẹ̀ kan nínú, ẹsẹ̀ kan níta. Lẹ́yìn rẹ̀, ó ń gbọ́ ẹ̀rọ tó ń kó ohùn láti ibì kan lọ síbì kejì.

Ó mú ẹsẹ̀ tó wà níta padà wọlé.

"Bàbá, ẹ dákun, ẹ bá mi wá omi. Ẹ nà án sí mi láàárín irin. Kí ẹ sì tì í padà títí ẹ̀rọ yìí á fi kó ohùn tán."

"Kí n ti kí ni?"

"Géètì, sà. Ẹ tì í."

Bàbá Rasheed wò ó, ó wo àgádágodo ọwọ́ rẹ̀. "Bí ọ̀gá bá dé, tó ní ta ló wà nínú ńkọ́?"

"Ẹ ní ẹ pè, kò sẹ́ni tó dáhùn."